Lẹ́tà Àtijọ́ Lára Ògiri Ilé Ẹ̀kọ́ Wa: Èwo Ni Ká Pa Rẹ́, Báwo Ni Ká Ṣe Pa Á Rẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, agbègbè Tchaourou

   

Wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí ògiri. Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fi iṣẹ́ náà rán wa, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ògiri ló wá kù tí àwọn àgbà máa fi odidi ọjọ́ Àìkú jókòó lé lórí? Ká má fi ṣe ẹ̀rín. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níwájú ilé ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú ìdìbò tó kọjá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan lọ síbẹ̀ lóru, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kun orúkọ ẹgbẹ́ kejì. Lóru ọjọ́ kejì, àwọn wọ̀nyẹn náà wá, wọ́n san án padà. Lọ́jọ́ kẹta, igi àti òkúta ló sọ̀rọ̀. Ọmọ méjì sùn sí ilé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n. Ojú wa ti rí nǹkan ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí ìbọn dún ní Tchaourou níbí àti ní Savè, tí ẹ̀mí sì bọ́. A kò gbọdọ̀ tún jẹ́ kí ohun kékeré di ńlá mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdìbò ti parí. Àwọn tó wọlé ti wọlé, àwọn tí kò wọlé ti padà sí oko. Lẹ́tà nìkan ni kò lọ. Owó ẹyọ wà lára ògiri yẹn, igi osè wà níbẹ̀, ẹṣin wà níbẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kú wà níbẹ̀, tẹlifóònù ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù náà wà níbẹ̀. Látìgbà tí a ti ń dìbò yan ìgbìmọ̀ commune, ìyẹn láti ìparí ọdún 2002 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 2003, kò sí ìdìbò kan tó kọjá tí kò fi àpá tirẹ̀ sílẹ̀. Ti ààrẹ, ti depiyité, ti commune, gbogbo wọn ń gun ara wọn lórí. A lọ wo ògiri náà fúnra wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Níbi tí ọ̀dà ti ń bó, a ka àwọ̀ mẹ́fà lórí ara wọn.

Àwọn kan nínú yín ti ní ojútùú: ẹ ra ọ̀dà funfun, ẹ kun gbogbo rẹ̀, ó parí. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn ti rí omi ásíìdì ní Parakou, wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì yẹn, àwa ti gbà á rí, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe rí.

Ní ọdún 1990, akọ̀wé kékeré ni wá nínú ọ́fíìsì ìjọba kan ní apá àríwá níbí. Ẹ̀yin àgbà ẹ rántí pé ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Ààrẹ Mathieu Kérékou sọ Dahomey di République Populaire du Bénin. Látìgbà náà lọ, ibi gbogbo ni wọ́n ń kọ orúkọ yẹn sí. Ìwé ìròyìn ìjọba tó ń jẹ́ Daho-Express tẹ́lẹ̀ di Ehuzu. Nígbà tó yá, owó tán nílé ìjọba, owó oṣù kò wá mọ́, ìlú gbóná, Conférence Nationale dé. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990 ni wọ́n fi ṣe é ní Cotonou, Monsinyọ̀ Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Nígbà tí wọn yóò fi parí ọ̀rọ̀, Populaire ti jáde kúrò nínú orúkọ ilẹ̀ wa. Ehuzu di La Nation. Àṣíá tó ní ìràwọ̀ pupa sọ̀ kalẹ̀, ti àtijọ́ padà gòkè ní oṣù kẹjọ.

Ọ̀gá wa wá pè wá. Ó ní, « Ẹ lọ pa Populaire rẹ́. » Ara ògiri kọnkéré tó wà ní ẹnu ọ̀nà ni wọ́n kọ ọ́ sí, lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà pupa: RÉPUBLIQUE POPULAIRE DU BÉNIN. Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni kó kúrò, kò sì sí ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ní ìparí. A ra ẹfun ògiri, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní chaux, a pò ó, a fi kun orí ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó funfun nini. Ọ̀gá wò ó, ó ní ó dáa, ó buwọ́ lu ìwé.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Òjò méjì, òjò mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan tí a débi iṣẹ́ ní àárọ̀, Populaire ti padà, ó pupa ju àwọn ọ̀rọ̀ yòókù lọ, torí ẹfun tí a fi kùn ún ti gbà á lọ́wọ́ oòrùn. Olùkọ́ kan tó ń kọjá lórí kẹ̀kẹ́ dúró, ó ní, « Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì, ṣé ìjọba ti tún yí padà ni? » Ẹ̀rín pa gbogbo ọjà. Ojú tì wá.

Ibẹ̀ ni awakọ̀ ọ́fíìsì ti ní kò sóun tó le níbẹ̀, ó lọ gbé omi bátìrì wá. A dà á sára ògiri. Ó hó, ó rú èéfín, a rò pé iṣẹ́ ń lọ. Àṣé kọnkéré ló ń jẹ. Ọ̀dà olóróró kò bìkítà fún omi bátìrì bẹ́ẹ̀, ó dúró sí àyè rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó wà ní àyíká lẹ́tà ló jẹ lọ, ló bá di pé Populaire yọ sókè bí ilà ojú. Afọ́jú lè fi ọwọ́ kà á. Awakọ̀ náà sì ní àpá lápá rẹ̀ títí a fi yapa, torí omi náà ta sí i lára. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, bíríkìlà ló wá fi òòlù gbẹ́ gbogbo ibẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì tuntun rẹ́ ẹ. Ohun tó wá kù lára ògiri ni RÉPUBLIQUE, lẹ́yìn náà àlàfo gbọọrọ, lẹ́yìn náà DU BÉNIN. Kò sẹ́ni tó kọjá níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n yọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi í sílẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n gbé wa kúrò níbẹ̀.

Bíríkìlà yẹn ló là wá lóye, a sì ti rí i lẹ́yìn náà pé òótọ́ ló sọ. Bí kọnkéré ṣe le tó yìí, ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ọ̀dà àkọ́kọ́ tí ẹ fi kàn án kì í dúró lókè, ó ń wọnú ihò wọ̀nyẹn lọ bí epo ṣe ń wọ inú pákó. Tí ẹ bá fi nǹkan olómi kun orí ọ̀dà olóróró, kò ní rí ibi dì mú. Òjò á ṣí i, tàbí kí ó bó bí awọ ejò. Ohun kejì ni oòrùn. Ibi tí lẹ́tà bò, oòrùn àti eruku kò dé ibẹ̀ fún ogún ọdún. Tí ẹ bá yọ lẹ́tà náà kúrò tán pátápátá, ẹ ó ṣì rí òjìji rẹ̀, torí àwọ̀ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti àyíká rẹ̀. Ìdí nìyí tí kíkun orí lẹ́tà nìkan kò fi ń gbọ́n. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́, kí ẹ tó wá kun gbogbo ojú ògiri láti igun dé igun.

Báwo la ṣe máa yọ ọ́? Ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ. Ẹ̀yin ìyá, kí ni sódà ń ṣe fún òróró? Ẹ gbọ́ wọn! Ó ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Òróró ló wà nínú ọ̀dà olóróró. Tí ẹ bá fi sódà sí i tí ẹ fún un láyè, ọ̀dà yẹn á rọ̀, á yọ̀ bí ọṣẹ, ẹ ó sì fi pákó ha á kúrò láì fọwọ́ kan kọnkéré. Òótọ́ ni pé òróró inú ọ̀dà ti gbẹ, kì í ṣe bí èyí tó wà nínú ìkòkò ọṣẹ, nítorí náà ó ń gba sùúrù. Ẹ̀ẹ̀kan lè má tó. Níbi tí àwọ̀ mẹ́fà bá wà, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta.

Omi sódà lásán á ṣàn lára ògiri lọ sílẹ̀, kò ní dúró ṣe iṣẹ́. Ẹ fi ìyẹ̀fun gbágùúdá pò ó kí ó ki bí ẹ̀kọ, kí ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì olóko gígùn lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà, kí ẹ wá fi ọ̀rá bò ó. Ọ̀rá yẹn ṣe pàtàkì lásìkò ọyẹ́, torí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbẹ ẹ́ kó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ ṣí i wò. Tó bá ti wú, ẹ ha á. Tí kò bá tíì wú, ẹ bò ó padà. Nígbà tó bá tán, ẹ fi omi púpọ̀ àti bọ́rọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, ẹ fi omi fínígà díẹ̀ pa agbára sódà tó kù, ẹ tún fi omi ṣàn án, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ọ̀dà tuntun kì í pẹ́ lórí ibi tí sódà ṣì wà.

Èyí kì í ṣe eré o, àwọn ìyá mọ̀. Sódà ń jẹ ara ènìyàn, ó ń fọ́ ojú. Ìbọ̀wọ́ ike gígùn, awò tó bo ojú, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Sódà la ń dà sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀. A kì í da omi lé sódà lórí, torí ó ń ta. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ike ni kí ẹ lò. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí ó ń jẹ ẹ́ lu, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Kí omi tó mọ́ wà nítòsí ní gbogbo ìgbà. Ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ wà nítòsí.

Tí lẹ́tà bá jẹ́ ti ọ̀dà olómi, sódà kò wúlò púpọ̀ fún ìyẹn. Omi gbígbóná àti ohun ìhalẹ̀ ni, kí ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá sì ti kọ̀ jálẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní décapant wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ ka ara agolo kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n bá kọ chlorure de méthylène sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Òórùn rẹ̀ ti pa òṣìṣẹ́ nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́, wọ́n sì ti fòfin dè é fún aráàlú ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò fẹ́ fi pamọ́ fún ẹ̀yin òbí. Àwọn ọ̀dà olóróró àtijọ́, òjé sábà máa ń wà nínú wọn, pàápàá àwọn aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ìyeyè. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí kò léwu. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ fi ẹ̀rọ ìlọ̀ kan án gbẹrẹrẹ kí eruku bo gbogbo àgbàlá, ẹ wò ó: àgbàlá tí àwọn ọmọ yín ti ń jẹ àkàrà ni. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ó jẹ́ àsìkò ìsinmi ilé ẹ̀kọ́, kí ògiri tutù nígbà gbogbo tí a bá ń ha á, kí a tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀ láti gba ohun tó ń bọ́, kí a kó o jìnnà sí kànga. Eruku kọnkéré fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ bi àwọn tó ti fọ́ òkúta pẹ́.

A ti sọ bí a ṣe ń pa á rẹ́. Ó wá ku èyí tó le jù.

Ní ìsàlẹ̀ ògiri yẹn, nítòsí ilẹ̀, tí koríko bá kúrò, ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kọ. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Orúkọ àdúgbò márùn-ún ló wà níbẹ̀, àwọn tó fi ọ̀wẹ̀ kọ́ yàrá ìkàwé àkọ́kọ́ ní ayé Kérékou. Àwọn ìyá ló ru iyanrìn láti odò, àwọn bàbá fọ́ òkúta, ìjọba kàn mú páànù àti olùkọ́ wá ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ ti ń dín kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ pípa ògiri rẹ́ bẹ̀rẹ̀, àdúgbò kẹfà dìde, wọ́n ní kí wọ́n pa ìlà búlúù yẹn náà rẹ́, torí àwọn òbí tiwọn náà ru iyanrìn, wọn kò sì rí orúkọ wọn níbẹ̀. Àwọn márùn-ún ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á rí i. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ààfin lẹ́ẹ̀mejì.

A ti lọ bá àwọn àgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a fi ìwé àti bíìkì jókòó tì wọ́n. Òótọ́ ni àdúgbò kẹfà sọ. Àwọn náà ru iyanrìn. Ẹni tó kọ ọ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi jù, nígbà tó fi dé ìparí, àyè ti tán, òpó ló kàn. Kò sí ẹni tó fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹ̀sín. Bẹ́ẹ̀, ogójì ọdún ni wọ́n fi ń rò pé wọ́n yọ àwọn dànù.

Ohun tí a rí nípa rẹ̀ ni pé kí a má pa ìlà búlúù náà rẹ́. Kí a kọ orúkọ àdúgbò kẹfà sí abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà búlúù kan náà, lẹ́tà tó tóbi bákan náà, kí baálẹ̀ márùn-ún yòókù dúró níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ kan sọ fún wa pé, « Tí ẹ bá ń fi tọ̀tún tòsì kún un, ọ̀la, àdúgbò tí kò tíì sí nígbà yẹn máa dé. » Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni a fi kọ ẹ̀rí àwọn àgbà sílẹ̀ báyìí, kí wọ́n tó lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ló yẹ kó kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Cotonou, ṣebí Place de l'Étoile Rouge ṣì wà níbẹ̀? Ìjọba tó ni ìràwọ̀ yẹn ti lọ láti 1990, wọn kò wó o, wọn kò yí orúkọ rẹ̀ padà, zemidjan tí kò tíì bí nígbà náà ń gbé èrò lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ti ẹgbẹ́ òṣèlú lára ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀, torí ẹni tó kọ ọ́ ń sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé, ibi tí o ti ń kàwé yìí, tèmi ni.

Nítorí náà, ohun tí a bẹ̀ ìpàdé yìí láti fọwọ́ sí nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri, kí akọ̀wé ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, kí ó ka ohun tó lè kà níbẹ̀ sínú ìwé. Kí a kọ lẹ́tà sí mairie àti sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, torí ògiri ìjọba ni, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ wa, kí a sì gba décharge. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi ṣiṣẹ́ ìjọba: lẹ́tà tí kò ní décharge, ẹni tó gbà á á ní òun kò rí i.

Kí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ lẹ́tà ti ara rẹ̀. Gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà, wákàtí kan náà. Ẹ kò lè sọ pé kí ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ kí èkejì tó dé. Èyí tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ti ẹlòmíràn, ìjà ti tún dé nìyẹn. Bí wọ́n ṣe gun ara wọn lórí ló sì máa là á fún wọn: ẹni tó kọ tirẹ̀ kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ yọ, kí ẹni ìsàlẹ̀ tó lè rí tirẹ̀. Wọ́n á dúró de ara wọn, wọ́n fẹ́ wọ́n kọ̀. Èyí tí olówó rẹ̀ ti kú tàbí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú ká, ẹgbẹ́ wa ló máa yọ ìyẹn.

Owó: àdúgbò kọ̀ọ̀kan 5.000 F, àdúgbò kẹfà pẹ̀lú, fún ìbọ̀wọ́, sódà, bọ́rọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà. Tó bá ṣẹ́ kù, akápò á kà á níwájú gbogbo wa. Ẹnu àwọn ọ̀dọ́ tó ti ra ásíìdì ni ká fi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n dá a padà sí Parakou bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ wọn. Tí wọn kò bá gbà á, kí wọ́n gbé e wá fún wa kí ọmọdé má lọ fọwọ́ kàn án.

Àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ ti ní àwọn á wá fi bí wọ́n ṣe ń po sódà han àwọn ọmọkùnrin náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní májẹ̀mú kan. Ìgbà tí wọ́n bá ń pò ó, kí depiyité má wá ya fọ́tò. A ti ní a gbà fún wọn. Ẹ̀yin ìjòyè, ọ̀rọ̀ kù sọ́wọ́ yín.